Bí mo ṣe pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú 4Runner mi ní Iléṣà, àti ibi tí mo ti ṣì í ṣe

Nígbà tí ariwo náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò jọ nǹkan kan. Bí táyà iwájú lápá ọ̀tún bá wọ kòtò, á dún "kọ́". Bí mo bá rọra tẹ bíréèkì, á tún dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì panu mọ́. Toyota 4Runner ọdún 1999 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní jíìpù. Ọ̀nà tó ń rìn jù ni èyí tó ti Iléṣà lọ sí Ìfẹ̀wàrà, pẹ̀lú àwọn ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó lọ sí apá Ìtàgúnmọ́dì àti Ìgún. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ lẹ́yìn òjò á mọ̀: típà ti tẹ ojú ọ̀nà di poro-poro bí oko àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, kòtò tí omi bò kò sì fi ara rẹ̀ hàn títí táyà yóò fi já sínú rẹ̀.

Ẹni tó ní irú ọkọ̀ yìí, tó ti ń gbọ́ irú ariwo yìí, tó sì ti ń ka owó lọ́wọ́ láti ra nǹkan, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á.

Ṣọ́ọ̀kì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó lọ sókè sódò lẹ́yìn kòtò, ni èmi kọ́kọ́ rà. Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá kò wọ abẹ́ ọkọ̀ rárá. Ó fọwọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣọ́ọ̀kì yín ti kú." Mo gbà á gbọ́, mo ra méjèèjì iwájú, a dè é. Ariwo náà kò yí ohùn padà. Ìgbà tí owó ti lọ tán ni mo tó mọ ohun tó yẹ kí n wò. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ti kú sábà máa ń jo ọ́ìlì, ara rẹ̀ á tutù, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti igun ọkọ̀ wálẹ̀ tí ẹ sì jù ú sílẹ̀, tó bá gbéra lẹ́ẹ̀kan tó dúró, ṣọ́ọ̀kì ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń jó lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Tèmi gbẹ táútáú, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń gbéra. Ṣọ́ọ̀kì tó dáa ni mo bọ́ sọnù.

Kí ẹ tó lè mọ ibi tí ariwo ti ń wá, ó yẹ kí ẹ mọ bí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí ṣe jókòó. Áàmù méjì, ìyẹn apá irin, ló mú táyà kọ̀ọ̀kan dání, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Láàárín wọn ni nọ́kù wà, irin ńlá tí họ́ọ̀bù táyà jókòó lé. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kan, irin olórí róbótó tó ń yí nínú ago irin, so nọ́kù mọ́ áàmù òkè, òmíràn so ó mọ́ áàmù ìsàlẹ̀. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì wà nínú ara wọn, wọ́n dúró lórí áàmù ìsàlẹ̀, orí wọn sì wọ inú ṣáásì, egungun irin ọkọ̀. Búṣìnnì onírọ́bà wà níbi tí áàmù ti so mọ́ ṣáásì. Táí-rọ́ọ̀dù ló ń gbé ọ̀rọ̀ sitíárì dé ọ̀dọ̀ táyà. Línkéèjì, ọ̀pá kékeré yẹn, ló so ọ̀pá ìdúróṣinṣin pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi kọ́nà.

Wàyí o, ohun tó yẹ kí gbogbo onímọ́tò yìí mọ̀ nìyí. Sípíríǹgì ń ti áàmù ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Ilẹ̀ ń ti táyà àti nọ́kù lọ sókè. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ara rẹ̀ dè mọ́ ìdí nọ́kù, ìdí rẹ̀ tó ní nọ́ọ̀tì sì kọjú sísàlẹ̀ wọ inú áàmù. Ìyẹn ni pé tọ̀sán tòru ni wọ́n ń fà á ya. Nínú àwọn ọkọ̀ míì, ẹrù máa ń tẹ bọ́ọ̀lù náà sínú ago rẹ̀ ni, bó bá ti jẹ tán yóò máa pariwo fún ọjọ́ pípẹ́ kó tó ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Nínú èyí, ẹrù ń fà á jáde nínú ago ni. Ọjọ́ tó bá bọ́, táyà á dà síta lábẹ́ ọkọ̀, imú ọkọ̀ á lulẹ̀, sitíárì ò ní gbọ́ràn mọ́, nítorí ara bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yẹn kan náà ni apá tí táí-rọ́ọ̀dù so mọ́ ti yọ jáde. Ìdí nìyẹn tí ti ọ̀tún fi yàtọ̀ sí ti òsì. Ní 2005, ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra wọn pe àwọn 4Runner ọdún 2001 àti 2002 kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí jọ́ìntì yìí. Ti 1999 kò sí lára wọn, àmọ́ bákan náà ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀kì, línkéèjì ni mo kàn. Ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí kò gba owó, kò gba jáàkì pàápàá. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fọwọ́ di línkéèjì mú, ẹ mì í gidi. Èyí tó dáa ò ní gbọn. Tèmi ń dún "kẹ̀kẹ̀kẹ̀" lọ́wọ́ bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti jẹ. A pààrọ̀ méjèèjì láàárín wákàtí kan, ariwo inú kòtò sì lọ. Èyí tó ń dún bí mo bá tẹ bíréèkì kò lọ.

Inú mi dùn díẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ àṣìṣe. Ìdájọ́ mi nígbà yẹn ni pé nǹkan kékeré ló kù. Oṣù kan gbáko ni mo fi tún wa ọkọ̀ náà lọ sóko kí n tó gbé e sókè fún àyẹ̀wò gidi. Ohun tí mo bá lábẹ́ rẹ̀ ni mo torí rẹ̀ ń kọ èyí: ariwo bíréèkì ti ara búṣìnnì áàmù ìsàlẹ̀ wá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tí kò dún rí lọ́jọ́ kan, ló ti fẹ́ já. Gbogbo owó tí mo ti ná, etí ló darí ẹ̀. Èyí tó lè pa èèyàn ò sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà ẹ̀yìn, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ gbé jáàkì sábẹ́ áàmù ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, níbi tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì jù, kì í ṣe sábẹ́ ṣáásì. Ẹ gbé e títí táyà yóò fi kúrò nílẹ̀ díẹ̀, bí ìwọ̀n ìka méjì. Níbẹ̀, jáàkì ti gba ẹrù sípíríǹgì, jọ́ìntì sì wà lófìfo. Ẹ wá ki irin gbọọrọ kan bọ abẹ́ táyà, kí ẹnì kan máa rọra gbé e sókè sódò, kí ẹnì kejì tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí nọ́kù àti áàmù ti pàdé, kó sì fi ìka kan gbogbo ẹnu rẹ̀. Bí ìka bá gbọ́ pé nọ́kù ń gbéra kí áàmù tó gbéra, ó ti jẹ nìyẹn. Tèmi hàn sójú gbangba. Rọ́bà tó bò ó ti ya, ẹrẹ̀ pupa ti wọ inú ẹ̀, ohun tó kù níbẹ̀ dà bí àtíkè osùn. Iyanrìn ló ti ń lọ irin mọ́ irin.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún un mì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíàrínì họ́ọ̀bù ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. Ẹ wá di í mú lọ́tùn-ún àti lósì: bó bá ń mì síwá-sẹ́yìn, ẹ wo orí táí-rọ́ọ̀dù àti ìdí rẹ̀ tó wọ inú ráàkì, irin gbọọrọ tí sitíárì ń tì lọ tì bọ̀. Ẹ tún wo búṣìnnì tó di ráàkì fúnra rẹ̀ mú. Nínú ọkọ̀ yìí ó máa ń rọ̀ bí ọdún bá ti gorí ọdún, sitíárì á wá máa ṣe bí ẹni tó ń ronú kó tó dáhùn.

Fún búṣìnnì áàmù, ẹ ki irin bọ àárín áàmù àti ṣáásì, ẹ tì í díẹ̀. Rọ́bà á lọ, á sì bọ̀, ìyẹn ò burú. Àmọ́ tí ẹ bá rí i pé rọ́bà ti ya kúrò lára irin àárín rẹ̀, tàbí tí áàmù sún síwájú tó kọlu irin, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ máa rà á. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, táyà á fẹ́ dúró, ọkọ̀ á ṣì fẹ́ máa lọ. Búṣìnnì tó ti ya á jẹ́ kí áàmù sún sẹ́yìn, ìyẹn ló ń dún lẹ́ẹ̀kan tó ń panu mọ́.

Ọ̀rọ̀ ríra wá kù. Ibí yìí ni mo ti jẹ ìyà jù. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì kan tí mo kọ́kọ́ rà wà nínú páálí tó ń dán, orúkọ ńlá wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó òjúlówó. Nígbà tí mo délé, mo di ìdí rẹ̀ mú, mo fi ìka méjì yí i, ó ń yí bí ọmọ odó nínú odó òfìfo. Tuntun tó dáa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń le lọ́wọ́, ẹ máa fi agbára yí i, á sì dúró síbi tí ẹ bá fi í sí. Mo gbé e padà. Mo lóṣòó ti òǹtajà náà bí òṣómàáló gidi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣáà ni mí, àmọ́ ó ní ọjà tí wọ́n bá ti ṣí páálí rẹ̀ kì í padà sórí àtẹ. Látọjọ́ náà, orí àtẹ ni mo ti ń ṣí páálí, níṣojú òǹtajà, kí owó tó kúrò lápò mi. Mo ń wo ojú ibi tí rọ́bà ti di irin mú, mo ń gbé e lé ọwọ́ ọ̀tún kí n sì gbé ti àtijọ́ lé ọwọ́ òsì, mo sì ń wo bí ihò bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe bá ara wọn mu. Ẹ gbé èyí tí ẹ tú lọ́wọ́ lọ. Àwòrán orí fóònù ò tó.

Tókunbọ̀ ńkọ́? Áàmù tókunbọ̀ dáa, bí kò bá ti tẹ̀, bí búṣìnnì rẹ̀ ò bá ya. Nọ́kù tókunbọ̀ náà dáa. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tókunbọ̀, ẹ má ṣe é, ẹ ò mọ ọ̀nà tó ti rìn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gé rọ́bà táyà ṣe búṣìnnì. Wọ́n á gé e yíká, wọ́n á fi òòlù gbá a wọlé, á dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n rọ́bà yẹn kò lẹ̀ mọ́ irin níbì kankan. Ó kàn há síbẹ̀ ni, áàmù á sì máa rìn nínú rẹ̀.

Ohun tí mo kó jọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ méjì, ọ̀tún àti òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tún nìkan ló ń mì, bóòtì tuntun mẹ́jọ, mẹ́rin fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí ti àtijọ́ ti nà, búṣìnnì áàmù ìsàlẹ̀ mẹ́rin, orí táí-rọ́ọ̀dù méjì, sípílíìtì pìn tuntun (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú fúnra rẹ̀), sítáàndì onírin méjì. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ṣe sítáàndì láé. Kì í kìlọ̀ kó tó fọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo fọ gbogbo nọ́ọ̀tì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin, mo sì rẹ wọ́n pẹ̀lú ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà. Díísù tí a pò mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì náà ń ṣe é, bí ẹ bá jẹ́ kó sùn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a dẹ nọ́ọ̀tì táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, 21 ni sípánà wọn, ká tó gbé e sókè. Sítáàndì wọ abẹ́ ṣáásì lẹ́yìn táyà, jáàkì wà lábẹ́ áàmù ìsàlẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Jáàkì yẹn ló ń dá sípíríǹgì dúró.

Lórí sípíríǹgì: nọ́ọ̀tì àárín orí ṣọ́ọ̀kì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá nílò láti yọ ṣọ́ọ̀kì, nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà yíká ni ẹ máa tú lókè, àti bóòtì ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jáde lódindi. Ti àárín yẹn ló di sípíríǹgì tí wọ́n ti fún pọ̀ mú. Ẹni tó bá tú u láìsí irinṣẹ́ tó ń fún sípíríǹgì, ìbọn ló tú.

Táí-rọ́ọ̀dù ni mo ti kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Mo tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ kúrò pátápátá, mo sì fi òòlù gbá ìdí rẹ̀ lọ sókè. Kò jáde, ojú rẹ̀ tẹ́ bí olú, nọ́ọ̀tì ò sì lè gbà á mọ́. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ìwọ̀n yíyí mélòó kan, mo ń gbá ẹ̀gbẹ́ ojú irin tó yí i ká, láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú òòlù tó wúwo, gbígbá méjì tàbí mẹ́ta tó le. Ìgbọ̀n yẹn ló ń jẹ́ kí ìdí onígóńgó náà já kúrò lójú ihò rẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ọ, ó máa ń dún "pá". Bákan náà ni ti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ojú áàmù ni ẹ máa gbá, ẹ má gbá ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ní púlà, irinṣẹ́ tó ń fa jọ́ìntì yọ, ẹ lò ó, ẹ̀yìn yín á dúpẹ́.

Bí táí-rọ́ọ̀dù ti kúrò, a yọ sípílíìtì pìn tó wà ní ìdí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, a dẹ nọ́ọ̀tì ńlá rẹ̀, a tú bóòtì mẹ́rin tó dè é mọ́ nọ́kù. Nọ́kù á wá dúró lára áàmù òkè nìkan, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wo họ́ọ̀sì bíréèkì àti wáyà ABS (ti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) dáadáa: bí nọ́kù bá dà síta, àwọn ló máa kọ́kọ́ fà. Mo fi wáyà kan so nọ́kù mọ́ áàmù òkè. Bí ẹ bá ní láti tú kálípà, irin bíréèkì tó ń fún díìsìkì mú, ẹ so ó kọ́, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ dirodiro lórí họ́ọ̀sì rẹ̀.

Nígbà tí jọ́ìntì ọ̀tún jáde, mo dì í mú, mo yí i padà, ìdí rẹ̀ sì rọra yọ́ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ahọ́n ajá tí oòrùn mú. Mo fà á díẹ̀. Mo rí ètí ago irin náà tó ti fẹ̀ yíká, tó tín-ín-rín bí ẹnu agolo mílíìkì. Ohun tó kù láàárín òun àti jíjábọ́ ò tó nǹkan. Ti òsì, tí kò mì nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ní omi pupa nínú rọ́bà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Dídè rẹ̀ padà rọrùn ju títú lọ, ibẹ̀ náà sì ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ nu ihò onígóńgó inú áàmù títí yóò fi gbẹ. Ẹ má fi gíríìsì sí i, kò sí ọ̀rọ̀ gíríìsì níbẹ̀, gbígbẹ ló fi ń di ara rẹ̀ mú. Ẹ fi ọwọ́ kọ́kọ́ wọ bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó fi sípánà kan èyíkéyìí. Ibi tí tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, sípánà tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń fún nǹkan pa ní Nm, ti wúlò nìyí, kí ẹ yá a bí ẹ ò bá ní: 80 Nm ni fún bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 140 Nm fún nọ́ọ̀tì ńlá ìdí rẹ̀. Mẹkáníìkì wa máa ń fi páìpù gùn sípánà, wọ́n á fi ara tì í títí yóò fi ké. Bóòtì tó ké ti ń nà. Lẹ́yìn 140 yẹn, bí ihò sípílíìtì pìn kò bá bá ojú nọ́ọ̀tì mu, ẹ dì í síwájú díẹ̀ títí yóò fi mu. Ẹ má dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn láé, bó ti wù kó kéré tó.

Mo gbàgbé sípílíìtì pìn kan. Orí táí-rọ́ọ̀dù òsì ni. Ọmọ iṣẹ́ tó ń bá wa kó irinṣẹ́ ló rí i lórí àkísà lẹ́yìn tí táyà ti wọlé, ó ní, "Bàbá, èyí ńkọ́?" A tún táyà bọ́. Láti ìgbà náà, iye pìn tí mo bá rà ni mo ń kà sórí àwo kan, àwo náà sì gbọ́dọ̀ ṣófo kí táyà tó padà wọlé.

Jọ́ìntì míì máa ń ní ẹnu gíríìsì, òmíràn ò ní. Èyí tó bá ní, ẹ fún un títí rọ́bà rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ dúró níbẹ̀. Rọ́bà tó bẹ́ ti di ẹnu ọ̀nà fún ẹrẹ̀.

Búṣìnnì ni iṣẹ́ tó gùn jù. Bóòtì ńlá tó gba inú áàmù ìsàlẹ̀ kọjá ní kàmù lórí, irin róbótó tí kò dọ́gba, òun ni wọ́n fi ń yí ìdúró táyà padà níbi aláímẹ̀ǹtì. Kí ẹ tó tú u, ẹ fi nǹkan mímú họ àmì sára kàmù àti sára ṣáásì, kí ẹ lè dá a padà sójú kan náà. Tọ́ọ̀kì wọn jẹ́ 130 Nm. Ìpẹtà ti so bóòtì kan mọ́ irin inú búṣìnnì mi, a sì fi iná gáàsì gé e. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ ra bóòtì kàmù tuntun ṣáájú kí ẹ tó gé, nítorí kò wọ́pọ̀ lórí àtẹ ní Iléṣà, ó sì lè jẹ́ Ìbàdàn tàbí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ni ẹ óò ti rí i. Ọkọ̀ mi sùn lórí sítáàndì fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí bóòtì kan.

A lo ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan láti fi búṣìnnì tuntun wọlé, ó jókòó dáadáa. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ya. Mo rò pé ayédèrú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ya á. Mo fún bóòtì rẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, tí áàmù sì rọ̀ wálẹ̀. Rọ́bà yẹn lẹ̀ mọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kì í yí, ó ń lọ́ ni. Ibi tí ẹ bá ti fún un pa ló máa gbà pé ó jẹ́ ilé òun. Bí ẹ bá fún un pa ní rírọ̀ wálẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀kalẹ̀ tó gbé ẹrù rẹ̀ lé e, ó ti lọ́ dé ìdajì kó tó rìn ìṣísẹ̀ kan, kòtò àkọ́kọ́ á sì parí rẹ̀. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ fi ọwọ́ di í láìfún un pa, kí ẹ gbé táyà wọlé, kí ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ ti imú rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó lè jókòó sí gíga rẹ̀ gan-an, kí ẹ wá wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ fún un pa. Bákan náà ni fún bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ẹ lè fi igi pẹlẹbẹ gbé táyà ga díẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí orí yín lè rí àyè wọlé. Ìlànà kan ṣoṣo yìí, bí ẹnì kan bá ti sọ ọ́ fún mi, ì bá ti dá owó búṣìnnì mẹ́rin dúró.

Nọ́ọ̀tì táyà, ẹ dì wọ́n bí ẹni ń ya ìràwọ̀, láti ọ̀kan lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́, 110 Nm.

Kí ọkọ̀ tó lè rìn dé ibi aláímẹ̀ǹtì, mo ní láti mọ̀ pé táyà kò ya ara wọn jù. Mo ti ka iye ìgbà tí mo yí orí táí-rọ́ọ̀dù àtijọ́ kó tó jáde, mo sì yí tuntun wọlé ní iye kan náà: 17 ní ọ̀tún, 16 ní òsì. Ìyẹn ò tó, torí orí tuntun lè gùn ju ti àtijọ́ lọ. Mo gbé sitíárì sí àárín, mo fi ẹfun ìkọ̀wé fa ìlà sí àárín ojú táyà méjèèjì níwájú, ní gíga àárín họ́ọ̀bù, mo fi tépù wọn àárín wọn. Mo ti ọkọ̀ síwájú títí ìlà kan náà yóò fi dé ẹ̀yìn táyà, ní gíga kan náà, mo tún wọ̀n. Ti iwájú gbọ́dọ̀ fi mìlímítà kan sí mẹ́ta kéré ju ti ẹ̀yìn. Tèmi fi 11 tóbi jù. Bí mo bá gbé e dé Òṣogbo bẹ́ẹ̀, ojú táyà á ti jẹ tán lápá inú. Yíyí díẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì ló mú un wá sí 2, mo wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ, nítorí tépù ò lè sọ bí táyà ṣe dagun sí inú tàbí sí ìta, búṣìnnì tuntun sì ti yí ìyẹn padà.

Ariwo bíréèkì ti lọ. Sitíárì padà fúyẹ́. Ohun tó kù ni ìdánwò ojú ọ̀nà. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín kan sórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kó gba orí bóòtì kọjá dé ara irin, mo sì wa ọkọ̀ lọ sí Ìgún àti àbọ̀ pẹ̀lú àpò kòkó mẹ́fà lẹ́yìn. Nígbà tí mo dé, mo gbé tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ rẹ̀ kí n tó fọwọ́. Gbogbo ìlà bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ṣì gún. Ìlà nọ́ọ̀tì kàmù òsì, ti ẹ̀yìn, ti yà kúrò lójú ara wọn ní ìwọ̀n èékánná. Mo dẹ̀ ẹ́, mo dá kàmù padà sójú àmì tí ẹ̀rọ fi í sí, mo tún un fún pa nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, mo pa ìlà àtijọ́ rẹ́, mo fa tuntun.